Wíwá Orísun Ìtànṣán Kọ́símíìkì Nínú Ìṣùpọ̀ Ìràwọ̀ Wa: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lẹ́nu Iṣẹ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ físíìsì ní yunifásítì, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè lọ́wọ́ mi bí ẹ ṣe lè ṣe iṣẹ́ ìwádìí lórí ìtànṣán kọ́símíìkì, ìyẹn àwọn pátíkù alágbára tí ń bọ̀ wá bá wa láti ojú òfurufú, mo fẹ́ kọ díẹ̀ sílẹ̀ fún yín nínú ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi, nítorí pé púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sí nínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ wa ní kíláàsì. Ìbéèrè tí a ń lépa kò gùn rárá: ibo, nínú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tiwa yìí, ni àwọn prótọ́ònù tí agbára wọn tó 1 PeV ti ń wá? Bí ẹ bá kọ 1 tí ẹ sì to òdo 15 tẹ̀ lé e, iye ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù-fóòtì tí ó wà nínú PeV kan nìyẹn. Ẹ̀rọ tí ó lágbára jùlọ tí ọmọ aráyé tíì kọ́ láti fi lé prótọ́ònù sáré, èyí tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ ní ààlà Switzerland àti ilẹ̀ Faransé, kò tíì fún prótọ́ònù kan ní agbára tí ó ju nǹkan bí 7 TeV lọ (1,000 TeV ló wà nínú PeV kan), èyí tí 1 PeV fi ìlọ́po tí ó lé ní 140 jù lọ. Nǹkan kan wà lókè lọ́hùn-ún tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí láìsan owó iná fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo ohun tí mo ní láti sọ fún yín kò sì ju ẹyọ kan lọ: kí a rí ìtànṣán alágbára ńlá ní ibì kan kò tíì jẹ́ ẹ̀rí pé ibẹ̀ ni prótọ́ònù ti ń jáde, nítorí pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù náà lè ṣe é, yíya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì ló sì ń jẹ́ iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọdún 1912. Ìgbà méje ni Victor Hess, onímọ̀ físíìsì ará Austria, gòkè nínú bàlúùnù ní ọdún yẹn, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń fi hàn bí ìtànṣán tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ ti pọ̀ tó. Èrò ọ̀pọ̀lọpọ̀ nígbà náà ni pé inú ilẹ̀ ni ìtànṣán ọ̀hún ti ń jáde, nítorí náà bí ènìyàn bá ṣe ń gòkè ni ó yẹ kí ó máa dínkù. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ, Hess gòkè dé nǹkan bí 5,300 mítà, ó sì rí i pé ńṣe ni ìtànṣán náà ń pọ̀ sí i lókè níbẹ̀. Gbogbo ìwé ló máa ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ yìí. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí ni ti oṣù Kẹrin ọdún kan náà, nígbà tí ó gòkè lásìkò tí òṣùpá fẹ́rẹ̀ẹ́ bo oòrùn tán, tí ìtànṣán náà kò sì dínkù. Nípa bẹ́ẹ̀, nígbà tí èsì oṣù Kẹjọ jáde, ẹni tí ó bá fẹ́ béèrè pé ṣé kì í ṣe oòrùn ló ń rán an wá, ìdáhùn rẹ̀ ti wà nílẹ̀ fún un. Wọ́n fún Hess ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1936. Nínú gbogbo ìtàn yìí, ìgòkè ti oṣù Kẹrin yẹn ni mo máa ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, nítorí pé iṣẹ́ wa títí di òní kò yàtọ̀ sí i: kí á wá ohun mìíràn tí ó lè fa ohun tí a rí, kí á sì mú un kúrò lọ́nà kí á tó la ẹnu.

Ìdí tí a kò fi lè tọ ipasẹ̀ prótọ́ònù padà sí ibi tí ó ti wá ni pé ó ní iná mànàmáná lára, agbára òòfà tí ó wà káàkiri ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ wa sì ń tẹ ọ̀nà rẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́. Agbára òòfà yìí kò tó nǹkan. Ti ilẹ̀ ayé wa fi bí ìlọ́po 100,000 jù ú lọ. Síbẹ̀, ó tó láti mú kí prótọ́ònù tí agbára rẹ̀ jẹ́ 1 PeV máa yí òbírí kan tí ó jẹ́ pé láti àárín rẹ̀ dé etí rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ọdún ìmọ́lẹ̀ kan, ìyẹn ìrìn tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn ní ọdún kan. Ẹ fi èyí wé ìbú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ wa, tí ó tó 100,000 ọdún ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí i pé kí prótọ́ònù náà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti yí po títí tí ọ̀nà tí ó gbà wọlé kò fi sọ nǹkan kan mọ́ nípa ilé rẹ̀. Ohun tí a mọ̀ ni pé wọ́n pọ̀, àti pé iye wọn ní ìlànà. Ní ọdún 1958, Kulikov àti Khristiansen ní ìlú Moscow rí i pé ní nǹkan bí 3 PeV, iye ìtànṣán tí ń bọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ lọ́nà tí ó yá ju ti ìṣáájú lọ, èyí tí a ń pè ní orúnkún. Ní ìwọ̀n agbára yìí, bí ẹ bá tẹ́ ẹ̀rọ tí ó fẹ̀ tó mítà kan níbùú lóròó sílẹ̀, pátíkù bí ẹyọ kan ni yóò bọ́ sí i láàárín ọdún kan. Ní òkè réré sí ibẹ̀, àwọn onímọ̀ tí wọ́n ń lo àyẹ̀wò Pierre Auger ní Argentina fi hàn ní ọdún 2017 pé àwọn tí agbára wọn ju 8 EeV lọ, tí EeV kan jẹ́ 1,000 PeV, ń wá láti ìta ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ wa. Àwọn ti orúnkún ni ọ̀pọ̀ wa gbà pé ilé ni wọ́n ti wá, ohun tí ó bá sì lè gbé prótọ́ònù dé PeV ni a ń pè ní PeVatron.

Ta ni a wá ń fura sí? Láti ọdún 1934 ni Walter Baade àti Fritz Zwicky ti sọ pé ìràwọ̀ ńlá tí ó bú gbàmù, tí àwọn fúnra wọn sọ ní supernova, ni ó lè bí ìtànṣán kọ́símíìkì. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó gba èyí gbọ́ tàbí kí ẹ tó takò ó, ẹ mú bébà kan kí ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Ìbúgbàmù kan máa ń tú agbára ìgbòkègbodò tí ó jẹ́ nǹkan bí 10⁵¹ erg sílẹ̀ (erg jẹ́ ìwọ̀n agbára kan tí ó kéré púpọ̀). Ká ní ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ìtànṣán kọ́símíìkì, ó di 10⁵⁰. Bí ó bá jẹ́ pé mẹ́ta irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹyọ kan ń bọ́ sí nǹkan bí bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú-àáyá, ẹ ó sì rí 10⁴¹ erg ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, tí ó wà ní agbègbè iye tí a nílò láti dí èyí tí ń sá jáde kúrò nínú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ wa. Ìṣirò tí kò gba ju ìlà mẹ́rin lọ ni, ó sì wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí ohun tí kò sọ. Ó sọ pé agbára náà tó lápapọ̀, kò sọ pé ẹyọ prótọ́ònù kan lè dé PeV níbẹ̀. Láàárín ọdún 1977 sí 1978, àwọn onímọ̀ mélòó kan ṣàlàyé bí ìgbì ìbúgbàmù ṣe lè máa gbá pátíkù síwá sẹ́yìn, tí agbára rẹ̀ á máa gun òkè díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó bá la ìgbì náà kọjá, èyí sì fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ Baade àti Zwicky múlẹ̀. Ibi tí àtẹ̀gùn yẹn parí sí gan-an ló ṣì jẹ́ àríyànjiyàn.

Níwọ̀n bí prótọ́ònù kò ti lè júwe ilé, ohun tí kò ní iná mànàmáná lára ni a ń lé, ìyẹn ìtànṣán gamma, tí ó jẹ́ ìmọ́lẹ̀ alágbára gan-an, àti neutrino, pátíkù kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má wúwo rárá. Bí prótọ́ònù alágbára bá kọlu gáàsì, pátíkù kan tí ń jẹ́ pion máa ń jáde, èyí tí kò ní iná lára nínú wọn a sì pín sí ìtànṣán gamma méjì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìtànṣán gamma bẹ́ẹ̀ máa ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára prótọ́ònù tí ó bí i, nítorí náà ẹni tí ó ń wá prótọ́ònù 1 PeV gbọ́dọ̀ wo ìtànṣán gamma ti 100 TeV. Títí dé ibí yìí, ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Ṣùgbọ́n bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù alágbára bá kọlu ìmọ́lẹ̀ lásán, títí kan ìmọ́lẹ̀ tútù tí ó kún ojú òfurufú láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ó lè ta ìmọ́lẹ̀ náà dìde títí yóò fi di ìtànṣán gamma. Ìtànṣán gamma kò ní àmì ìdílé lára. Bí èéfín bá yọ lókè òrùlé aládùúgbò, kò ní sọ fún ọ bóyá igi ni wọ́n fi dáná tàbí èédú. Ó di ìgbà tí o bá wo àwọ̀ rẹ̀ àti ohun tí wọ́n kó sí ẹ̀yìnkùlé kí o tó lè sọ nǹkan.

Àpẹẹrẹ tí ó ga jùlọ nínú èyí ni Crab, ìyókù ìràwọ̀ tí àwọn ará Ṣáínà rí nígbà tí ó bú ní ọdún 1054. Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ LHAASO, tí ẹ̀rọ wọn wà lórí òkè ní Daocheng ní Ṣáínà, 4,410 mítà sókè ìtẹ́jú òkun, kéde pé àwọn rí ìtànṣán gamma kan láti Crab tí agbára rẹ̀ tó 1.1 PeV. Bí a bá ní kí á fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ṣe ìṣirò, ó yẹ kí prótọ́ònù 11 PeV wà níbẹ̀. Síbẹ̀, gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa Crab ń tọ́ka sí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù: pulsar kan, ìyẹn egungun ìràwọ̀ tí ó bú, tí ó kéré tí ó sì le koko, wà ní àárín rẹ̀ tí ń yí ní nǹkan bí ìgbà 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, òun ló sì ń fẹ́ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde. PeVatron ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Láti ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ fún mi pé òun ti rí orísun ìtànṣán kọ́símíìkì nítorí pé òun rí ìtànṣán gamma tí ó ju 100 TeV lọ, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo ń bi í ni pé, "Pulsar wo ló wà nítòsí ibẹ̀?"

Ibì kan wà tí prótọ́ònù ti ń fi ara rẹ̀ hàn láìsí àní-àní, ṣùgbọ́n ní ìwọ̀n agbára tí ó rẹlẹ̀ púpọ̀ ni. Nítorí bí pion ti wúwo tó, ìtànṣán gamma tí ó ti ara rẹ̀ jáde máa ń já wálẹ̀ lójijì bí a bá ti sọ̀ kalẹ̀ kúrò ní 200 MeV (MeV kan jẹ́ mílíọ̀nù kan ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù-fóòtì), bẹ́ẹ̀ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kò ní irú ìjábọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2013, àwọn tí ń lo sátẹ́láìtì Fermi, tí wọ́n ta sókè ní oṣù Kẹfà ọdún 2008, fi ìjábọ́ yìí hàn nínú ìyókù ìràwọ̀ méjì, W44 àti IC 443. Inú gbogbo wa dùn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyókù ìràwọ̀ tí ó ti lo ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni àwọn méjèèjì, agbára prótọ́ònù inú wọn kò sì súnmọ́ PeV. Àwọn kan wá ní ká lọ wo èyí tí ó ṣì kéré lọ́jọ́ orí. Cassiopeia A kò ju nǹkan bí 350 ọdún lọ, ó sì lágbára. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tí ń lo awò MAGIC ní erékùṣù La Palma fi sùúrù wò ó, tí èsì wọn jáde ní ọdún 2017, wọ́n rí i pé ìtànṣán gamma rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá láti nǹkan bí 3.5 TeV. Ẹ ṣe ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀: 35 TeV, kò tó ìdá kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n PeV kan. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé kìkì ní ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ ni irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbé prótọ́ònù dé PeV, kí wọ́n sì ti sá lọ kí a tó kọ́ awò wa. Lójú tèmi, èyí ni ìdí pàtàkì tí ó fi yẹ kí ẹ máa wo àyíká ìyókù ìràwọ̀ ju kí ẹ máa wo inú rẹ̀ lọ.

Àyíká yẹn ló mú mi dé orí ọ̀rọ̀ gáàsì, tí mo fẹ́ kí á dúró lé díẹ̀. Prótọ́ònù kò lè bí ìtànṣán gamma bí kò bá rí gáàsì kọlù, nítorí náà bí prótọ́ònù bá ni ín, ó yẹ kí ìtànṣán gamma pọ̀ níbi tí gáàsì ti pọ̀. Awò rédíò ni ó ń rí gáàsì. Ọ̀nà méjì ni: a máa ń wo carbon monoxide ní ìgbì tí ó gùn ní 2.6 mílímítà láti fi mọ ibi tí hydrogen ti ṣù pọ̀ tí ó sì tutù, a sì máa ń wo hydrogen tí kò so mọ́ra ní ìgbì 21 sẹ̀ǹtímítà. Ìyókù ìràwọ̀ tí a ń pè ní RX J1713.7-3946 ni ó kọ́ gbogbo wa lẹ́kọ̀ọ́ níbí. Òun ni àkọ́kọ́ tí awò H.E.S.S. ní Namibia ya àwòrán ara rẹ̀ ní ìtànṣán gamma TeV, ní ọdún 2004, ó sì hàn roboto bí ìkarahun. Nígbà tí Fermi wò ó ní agbára tí ó rẹlẹ̀, ìpínkiri agbára rẹ̀ jọ ti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ọ̀pọ̀ sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Bí ènìyàn bá gbé carbon monoxide nìkan lé àwòrán náà, àwọn ibì kan wà tí gamma mọ́lẹ̀ tí gáàsì kò sí. Ní ọdún 2012, Yasuo Fukui àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan fi hydrogen tí kò so mọ́ra kún un, pàápàá èyí tí ó tutù tí ó sì ṣókùnkùn tí ó rọrùn láti fojú fò, gáàsì àpapọ̀ náà sì bá ìkarahun gamma mu dáadáa. Ìdájọ́ tí mo fara mọ́ lónìí ni pé prótọ́ònù àti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù jọ wà níbẹ̀ ni. Nítorí náà, bí ẹ bá gba máàpù gáàsì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ béèrè irú gáàsì tí ó wà lórí rẹ̀, ẹ sì béèrè bí ó ṣe jìnnà tó sí wa, nítorí ìkúùkù tí ó wà ní ìlà ojú kan náà pẹ̀lú orísun yín lè wà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀kan tí mo ṣì máa ń fi dán akẹ́kọ̀ọ́ wò ni ìyókù ìràwọ̀ tí a ń pè ní G106.3+2.7. Ó gùn bí ẹni tí ó ní orí àti ìrù: ní orí rẹ̀ ni pulsar J2229+6114 wà, ní ìrù rẹ̀ ni ìkúùkù gáàsì wà. Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ Tibet ASγ rí ìtànṣán gamma tí ó kọjá 100 TeV níbẹ̀, wọ́n sì rí i pé ó súnmọ́ ìkúùkù ju pulsar lọ. Bí ojú ẹ̀rọ kò bá mú tó láti ya ohun tí ó súnmọ́ ara wọn sọ́tọ̀, orí àti ìrù á dà pọ̀, pulsar á sì gba gbogbo iyì náà. MAGIC tí ojú rẹ̀ mú jù bẹ́ẹ̀ lọ wò ó, èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2023: ní agbára tí ó ju bí 6 TeV lọ, ìrù ni ìtànṣán náà ti ń tàn jáde. Ẹ ṣe àkíyèsí pé kò sí awò kan ṣoṣo tí ó dá ẹjọ́ yìí. Ti Tibet mú agbára ńlá wá, MAGIC mú ojú tí ó ríran wá, awò rédíò mú gáàsì wá. Ẹni tí ó bá gbọ́ èdè ẹ̀rọ kan ṣoṣo kò ní lè ka irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ohun tí a ń rí ṣe rí gan-an, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín rò pé ńṣe la ń fi ojú wo àwòrán tí ó ti pé. Ìtànṣán gamma kì í dé ilẹ̀. Bí ó bá ti wọ inú afẹ́fẹ́, ó máa ń fọ́ di ọ̀wọ́ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, àwọn náà a sì tan ìmọ́lẹ̀ búlúù kan tí a ń pè ní Cherenkov, tí kì í pẹ́ ju ìdá bílíọ̀nù mélòó kan ìṣẹ́jú-àáyá, tí ó sì ń tàn kálẹ̀ dé nǹkan bí 120 mítà yí ká ibi tí ó bọ́ sí. H.E.S.S. ní awò mẹ́rin tí dígí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fẹ̀ tó mítà 12, àti ọ̀kan ńlá tí ó jẹ́ mítà 28 tí wọ́n fi kún un ní ọdún 2012. Wọ́n wà ní orí òkè Khomas ní Namibia, ní 1,800 mítà, níbi tí òkùnkùn òru ṣì ṣú dáadáa. Nínú kámẹ́rà, ìtànṣán gamma máa ń yọ bí ẹyin tí ó tín-ín-rín tí ó sì mọ́ létí, tí orí rẹ̀ tọ́ka sí ibi tí ó ti wá. Prótọ́ònù tí ó wọlé láti ibikíbi máa ń yọ gbàgàdà, etí rẹ̀ a rí wúruwùru, nígbà mìíràn a já sí méjì tàbí mẹ́ta. Muon, pátíkù kan tí ó jọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣùgbọ́n tí ó wúwo jù ú lọ, tí ó bá bọ́ sórí dígí gan-an máa ń ya òrùka pípé. Òrùka yìí ni a sì ń lò láti mọ̀ bí dígí ti ń ṣiṣẹ́ tó, nítorí náà kì í ṣe gbogbo àlejò ni à ń lé dànù. Àní fún orísun tí ó mọ́lẹ̀ bí Crab, prótọ́ònù bí ẹgbẹ̀rún ló ń wọlé fún gamma kan. Mo gba ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí ẹ fi ọjọ́ mélòó kan wo àwọn àwòrán yìí lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó gbé iṣẹ́ náà fún kọ̀ǹpútà tí yóò máa yà wọ́n sọ́tọ̀ fún yín. LHAASO ń gba ọ̀nà mìíràn: prótọ́ònù máa ń mú muon púpọ̀ wá, gamma kì í sì mú ju díẹ̀ lọ, nítorí náà wọ́n ri táǹkì omi 1,188 mọ́ abẹ́ ilẹ̀ láti máa ka muon nìkan.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ prótọ́ònù kúrò tán, díẹ̀ á ṣì kù. Bí a ṣe ń mọ iye tí ó kù ni pé a máa ń wo ibòmíràn lójú ọ̀run, níbi tí a gbà pé orísun kankan kò sí, a ó sì yọ iye ibẹ̀ kúrò nínú ti ibi tí à ń wò. Ìlànà Li àti Ma ti ọdún 1983 ni gbogbo ayé fi ń ṣírò bí èyí tí ó ṣẹ́kù ṣe lágbára tó. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́ ni gbólóhùn yẹn, "níbi tí a gbà pé orísun kankan kò sí". Lórí ìlà ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ wa, orísun kún ibẹ̀ fọ́fọ́, àyẹ̀wò H.E.S.S. tí ó jáde ní ọdún 2018 nìkan ka 78. Geminga tún wá fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtànṣán gamma tí ó yí pulsar náà ká fẹ̀ tó dígírì mélòó kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún gbogbo ojú awò tí kò fẹ̀ ju dígírì 5 lọ, ibi tí ènìyàn sì rò pé ó ṣófo tí ó sì ń yọ kúrò, inú orísun náà gan-an ló wà. Ẹ̀rọ HAWC ní Mexico, tí ń wo ìdá ńlá ojú ọ̀run lẹ́ẹ̀kan náà, fi í hàn kedere ní ọdún 2017. Ó di ọdún 2023 kí H.E.S.S. tó kéde tirẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n lo ọ̀nà mìíràn láti mọ iye ibi tí ó ṣófo. Nínú iṣẹ́ tí ẹ bá kọ, ẹ ya àwòrán ibi tí ẹ yọ kúrò pẹ̀lú, kì í ṣe ti orísun nìkan. Èmi gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń yẹ iṣẹ́ wò, òun ni mo ń kọ́kọ́ wá.

Ti sigma náà ń bẹ, ìyẹn ìwọ̀n tí a fi ń sọ bí ó ti ṣòro tó kí ohun tí a rí jẹ́ èèṣì lásán. Ohun tí ó bá dé 3 sigma lè ṣèèṣì ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú 740. Ẹni tí ó bá wo ibi 1,000 lójú ọ̀run yóò rí irú rẹ̀, bí ojú ọ̀run tilẹ̀ ṣófo pátápátá. Nítorí náà ẹ kọ ibi tí ẹ fẹ́ wò, ìwọ̀n agbára tí ẹ fẹ́ lò àti bí ẹ ṣe fẹ́ gé dátà sílẹ̀ kí ẹ tó ṣí i, ẹ sì fi déètì sí i. Àwọn onímọ̀ IceCube, tí wọ́n ri ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ 5,160 mọ́ inú yìnyín ní òpin gúúsù ayé, fi ara balẹ̀ ní irú ọ̀nà yìí. Nígbà tí wọ́n kéde ní ọdún 2023 pé neutrino ń wá láti ìlà ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ wa, 4.5 sigma tí wọ́n kọ ti yọ iye ohun tí wọ́n dán wò kúrò. Neutrino ṣe pàtàkì nítorí pé àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí a ń sọ yìí kì í bí i. Ibi tí ó bá ti jáde, prótọ́ònù tàbí ohun tí ó jọ ọ́ ti kọlu nǹkan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlà náà lápapọ̀ ni wọ́n rí, wọn kò tíì lè nawọ́ sí ilé kan pàtó.

Ní ti àwọn afurasí tí ó kù, èmi kì í ṣe ẹni tí ó so mọ́ ìyókù ìràwọ̀ nìkan mọ́. Ní ọdún 2016, H.E.S.S. fi hàn pé ìtànṣán kọ́símíìkì pọ̀ sí i bí a bá ṣe ń súnmọ́ àárín ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ wa, lọ́nà tí ó fi hàn pé nǹkan kan ní àárín gbùngbùn ibẹ̀ ti ń tú u jáde láìdáwọ́dúró fún ìgbà pípẹ́. LHAASO rí ohun kan bí ìkúùkù ńlá ní agbègbè Cygnus, níbi tí ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ ńlá tí wọ́n ṣì kéré lọ́jọ́ orí kó ara wọn jọ sí, tí ìtànṣán gamma inú rẹ̀ dé 2.5 PeV. Ní ọdún 2024, H.E.S.S. tọ ìtànṣán gamma lẹ́bàá ọ̀wọ́ gáàsì tí ń tú jáde láti SS 433, HAWC sì rí èyí tí ó ju 200 TeV lọ ní V4641 Sagittarii. Ihò dúdú tí ń jẹ ara ìràwọ̀ ẹnìkejì rẹ̀ ló wà ní V4641, ohun tí ọ̀pọ̀ gbà pé ó wà ní SS 433 náà nìyẹn. Bí ẹ bá ń wá ibi tí iṣẹ́ ṣì pọ̀ sí, èmi á ní kí ẹ lọ síbẹ̀.

Ẹ kò nílò owó ńlá láti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo dátà Fermi wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, H.E.S.S. gbé díẹ̀ nínú tirẹ̀ síta ní ọdún 2018 fún ẹni tí ó fẹ́ kọ́ṣẹ́, Gammapy tí a fi ń ṣe ìtúpalẹ̀ sì jẹ́ ọ̀fẹ́, èdè Python ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹ kọ́ Python dáadáa, ẹ máa kọ ohun tí ẹ ṣe sílẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ sì máa tọ́jú dátà síbi méjì, nítorí NEPA kì í kìlọ̀ kó tó mú iná lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú W44 nínú dátà Fermi: ẹ wò ó bóyá ẹ lè fúnra yín rí ìjábọ́ yẹn lábẹ́ 200 MeV, ẹ ó sì rí i pé iye tí ẹ bá fi sí ìtànṣán tí ó wà káàkiri ìlà ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ló ń gbé e sókè tàbí tí ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé RX J1713 nínú dátà H.E.S.S., kí ẹ sì wá máàpù gáàsì méjèèjì tí mo sọ lókè. Àárín ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ wa máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá lórí Namibia gan-an, LHAASO tí ó wà ní àríwá kò sì lè wò ó dáadáa. Awò CTAO tí wọ́n ń kọ́ sí Paranal ní Chile, àti SWGO tí wọ́n ti yan Pampa La Bola fún ní orílẹ̀-èdè kan náà, ni yóò gbé agbára 100 TeV wá sí ìhà gúúsù, àwọn tí ó bá wọ ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé lásìkò yìí sì ni yóò wà nídìí iṣẹ́ nígbà tí dátà àkọ́kọ́ bá ń wọlé.